Lẹ́tà Tí Ọmọlará Kò Kà Dé Ìsàlẹ̀

Ọkùnrin tó ń kí pọ́ńpù ni Ọmọlará kọ́kọ́ rí. Ọ̀kadà tó gbé e láti Aramọkọ ti kú sí àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n, oòrùn sì mú ganrínganrín. Lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọkùnrin gíga kan tí ọwọ́ rẹ̀ dú fún epo dé ìgúnpá ń tún pọ́ńpù tí wọ́n fi ń fín kòkó ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, omi tú jáde fùú, ó bá gbá a pẹ́pẹ́ lẹ́yìn bí ọmọ tó jẹun yó.

"O ṣeun, àgbà," ló wí fún pọ́ńpù. "O kú làálàá."

Ọmọlará kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó nàró, ó tẹríba díẹ̀. "Ẹ kú ọ̀nà o, mà. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ìdúró. Ẹ sì kú ẹ̀rín."

"Ṣé 'ẹ kú ẹ̀rín' náà wà ni?"

"Kò sí ohun tí kò ní ìkíni tirẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa."

Nathaniel ni orúkọ rẹ̀. Òun ló tún ọ̀kadà náà ṣe, kò gba owó, nọ́ńbà fóònù Ọmọlará nìkan ló tọrọ.

Ọmọ Bàbá Akínyẹmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjerò, ni Ọmọlará. Iléeṣẹ́ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ìpotì ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gba lẹ́tà àwọn tó ń wáṣẹ́, òun ló sì ń yan àwọn tí wọ́n máa pè. Bó bá dé ilé, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa kọ búlọ́ọ̀gì fún òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Ọdún méjì gbáko, bí ọgbọ̀n èèyàn péré ló ń kà á, ìdajì wọn sì jẹ́ ẹbí tó ń bá a gbọ́n ìtìjú nù.

Àfi ìgbà tó gbé lẹ́tà ẹnì kan jáde. Onítọ̀hún kọ "Mo ń wá uṣẹ́," bí wọ́n ti ń pe iṣẹ́ nílé, ó sì fi odidi ojú ewé kan kí ọ̀gá, ìyàwó ọ̀gá, àwọn ọmọ, títí dé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọlará kò tilẹ̀ ṣí ojú ewé kejì. Ó pa orúkọ rẹ́ láìfọkàn sí i, ó ya fọ́tò lẹ́tà náà, ó kọ sókè pé: "Ẹ má kọ lẹ́tà bíi ti Ọ̀gbẹ́ni Uṣẹ́." Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ ńlá kan n'Íbàdàn pè é pé kó wá dá àwọn ọ̀gá àwọn lẹ́kọ̀ọ́.

Kí àsìkò kòkó tó parí, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ọ̀nà ń gbé Ọmọlará lọ sí Ẹ̀fọ̀n.

"Ọ̀gá mi ti dé," Nathaniel á wí. "Ṣé ẹ máa gbà mí síṣẹ́ lónìí?"

"Mo ṣì ń yẹ ìwé rẹ wò."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, olólùfẹ́. Ìwé mi gùn."

Ọmọlará fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà á. Ní Sátidé kan, ó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù Nathaniel, ó ń fi ọwọ́ kan àwọn pọ́ńpù tó ti yá. Ara ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Nathaniel máa ń so bébà pélébé mọ́. Ó mú ọ̀kan, ó kà á: "Uṣẹ́ ti parí. Ẹ kú ìdúró." Ìrù lẹ́tà "ṣ" náà gùn, ó ká kọ́rọ́. Ọmọlará mọ ìrù yẹn. Irú rẹ̀ ló wà nínú lẹ́tà Ọ̀gbẹ́ni Uṣẹ́.

"Nathaniel, ṣé o ti kọ lẹ́tà sí Ìpotì rí?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. "Lọ́dún tó kọjá. Èmi àti màmá mi la jọ kọ ọ́. Màmá ní a kì í wọlé onílé ká má kí wọn. Ẹnì kan gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ta ni kò mọ ìkọ̀wé mi ní Ẹ̀fọ̀n, nígbà tó wà lára pọ́ńpù gbogbo ayé? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe màmá ní Ìyá Uṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Màmá ò lọ síbẹ̀ mọ́."

Ọmọlará lè pa ẹnu mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń lọ sí Ìbàdàn, lẹ́tà yẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

Nathaniel gbé sípánà sílẹ̀. Ó yí padà, ó jáde, ó gba ilé lọ. Ọkùnrin tó ń kí pọ́ńpù kò kí i pé ó dàbọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọmọlará wá lẹ́tà náà jáde nínú fáìlì, ó ṣí ojú ewé kejì. Ọdún mẹ́sàn-án ni Nathaniel ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ pé: "Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbà mí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ rí ẹni tó dára jù mí lọ."

Ó sunkún lórí tábìlì ọ́fíìsì, kò bìkítà fún ẹni tó ń wò ó. Ó yọ àpilẹ̀kọ náà kúrò, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, pé òun dá lẹ́tà tí òun kò kà tán lẹ́bi, òun sì tọrọ àforíjì. Ó pe àwọn ará Ìbàdàn, ó sọ fún wọn pẹ̀lú. Wọ́n ní àwọn máa pè é padà.

Lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá Nathaniel, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ùwọ lo ṣe é?" ìyá náà bi í.

"Èmi ni, mà. Ẹ dárí jì mí."

"Ṣé o kà á tán?"

"Àná ni mo tó kà á tán, mà."

Ìyá náà gbé àtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹni tó bá kà á tán kò lè rẹ́rìn-ín." Ó mí kanlẹ̀. "Mo gbọ́ ohun tóo kọ láàárọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ akọrin ló wá kà á fún mi, wọ́n tún bẹ̀ mí. Ó dáa. Ọjọ́ tí ulé wa bá máa kọ̀wé sí ulé yín, ùwọ fúnra rẹ lo máa kà á sókè. Oò gbọdọ̀ fo ìkíni kan ṣoṣo."

Ohùn kan dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú ìkúnlẹ̀ o, ọ̀gá mi."

Ibẹ̀ ni Ọmọlará ti ń sunkún, ibẹ̀ náà ló ti ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará Ìbàdàn pe Ọmọlará padà. Wọ́n ní àforíjì yẹn gan-an ni àwọn fẹ́ kó wá fi kọ́ àwọn ọ̀gá àwọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí lẹ́tà tó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tí kò kà dé ìsàlẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá, àwọn ará Ẹ̀fọ̀n dé yàrá àlejò Bàbá Akínyẹmí. Àbúrò ìyàwó ló máa ń ka lẹ́tà ìtọrọ, ṣùgbọ́n Ọmọlará ló dìde. Ó kí bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ lórúkọ ẹbí Nathaniel. Ó kí gbogbo ọmọ tí bàbá ti kọ́ ní "A, B, D." Ó kí ọyẹ́, ó kí ojú ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ kó dé orí ọ̀rọ̀," àgbà kan kùn.

"Kò gbọdọ̀ fò ó," ìyá Nathaniel dáhùn.

Níkẹyìn, ó dé ìsàlẹ̀. "Uṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọmọ wa ń wá báyìí, uṣẹ́ ọkọ ọmọ yín. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbà á, kí Ọlọ́run jẹ́ kí Ọmọlará rí ẹni tó…"

Ó gbé bébà sí àyà, ó wo Nathaniel tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kò sí ẹni tó dára jù ú lọ," ó wí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á síṣẹ́. Ẹ má fún un ní ìgbà ìdánwò."

Nathaniel kò gbé orí sókè nílẹ̀. "Ẹ kú ìwé kíkà o," ló wí, "ìyàwó mi."