Ihò Béárì Tó Wà Lójú Ọ̀nà Epo

Ọbẹ̀ ẹran àgbọ̀nrín ni wọ́n fi pe ará ìlú Nuvuksak, létí òkun yìnyín ní ìhà àríwá ayé, sí ìpàdé. Ní oṣù kọkànlá, tí òtútù ti mú omi òkun dì, ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn jáde nílé, kó yáa gbé ìkòkò kaná. Kó tó di ọ̀sán, gbọ̀ngán ilé-ẹ̀kọ́ ti kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọdé ń sá lé ara wọn kiri láàárín àga, àwọn àgbà ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì gbígbóná.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Nasuk, jókòó ti Aapa, bàbá tó bí ìyá rẹ̀. Nílé, ẹnu Nasuk kì í sinmi. Ṣùgbọ́n níwájú àlejò, a máa dákẹ́ rọ́rọ́ bíi gbogbo ará ìlú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, tí ilé-iṣẹ́ epo rán wá, dìde. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti dì dáadáa, àwọn yóò máa da omi sílẹ̀ kó lè di títì yìnyín, láti ibùdó àwọn títí dé ibi tí àwọn ti fẹ́ wá epo rọ̀bì. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ni yóò wa táńkà omi. Inú wọn dùn sí èyí. Ará Nuvuksak kò bá epo ṣọ̀tá. Owó orí epo ló kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n jókòó sí, òun náà ló ń gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn wọn.

"Ó ku ìbéèrè kan," ni Pruitt wí. "Ṣé ẹnikẹ́ni mọ ihò béárì funfun kankan lójú ọ̀nà yìí?"

Nasuk mọ ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, òun àti Aapa lọ dẹ àwọ̀n sábẹ́ yìnyín odò. Wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ abo béárì kan tó gun bèbè níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́, tó wọ inú òkìtì yìnyín lọ. Ó wọlé, kò jáde. Aapa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí àwọn rọra padà, aláboyún ti wọ yàrá.

Nítorí náà, Nasuk fún Pruitt lésì. Aapa fún un lésì, àwọn apẹja méjì tó wà lẹ́yìn wọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Pruitt wo gbogbo gbọ̀ngán yíká, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó dúpẹ́. Ni wọ́n bá bu ọbẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kìíní, wọ́n gba Nasuk síṣẹ́. Ọdún méjì gbáko ló ti fi ń wá iṣẹ́ kiri. Ó jó yípo tábìlì ìdáná.

"Aapa, ẹ wò mí! Awakọ̀ táńkà!"

"Mò ń wò ọ́," ni Aapa dáhùn. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fi alùpùpù yìnyín mi wó ilé ajá àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún?"

"Aapa! Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà yẹn!"

"Ajá yẹn ò béèrè ọjọ́ orí ẹ."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ níbùdó, ọ̀gá wọn ta máàpù sí ara ògiri. Ìlà pupa kan ló fi hàn wọ́n pé ibẹ̀ ni títì yóò gbà. Nasuk ń fi ojú bá ìlà náà lọ títí ó fi dé ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́.

"Ọ̀gá, ẹ má gba ibí yìí o. Béárì wà níbẹ̀!"

Ọ̀gá yẹ ìwé wò. "Rárá. Wọ́n ti bi yín léèrè nípàdé. Ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé kò sẹ́ni tó mọ ihò kankan."

Kí Nasuk tó dá a lóhùn, Ambrose, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà ń wa táńkà, ti fà á sẹ́yìn.

"Nasuk, jọ̀ọ́, panu mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé béárì wà níbẹ̀, wọ́n á ti iṣẹ́ yìí pa. Ọmọ mẹ́rin ló ń wo ọwọ́ mi!"

"Bùọ̀dá Ambrose, béárì yẹn ńkọ́?"

"Ṣé wọ́n gba béárì síṣẹ́ ni? Èmi ni wọ́n gbà."

Lọ́jọ́ náà, Nasuk gbé oúnjẹ rẹ̀ tì. Ó mọ̀ pé ní àkókò yẹn, béárì ọ̀hún ti bímọ. Ọmọ béárì tuntun kò ju ohun tí ènìyàn lè gbé sí àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ojú rẹ̀ kò tíì là, irun ara rẹ̀ kò tíì kún. Bí ariwo ẹ̀rọ bá lé ìyá sá, òtútù ni yóò pa àwọn ọmọ. Béárì funfun náà kò sì pọ̀ mọ́ bíi ti ìgbà èwe Aapa, nítorí yìnyín òkun tí wọ́n ń dọdẹ lórí rẹ̀ ń dínkù lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ńkọ́? Ó dun Nasuk wọnú egungun pé nǹkan méjì tí òun fẹ́ràn ló dojú kọ ara wọn yìí. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí ẹ̀rọ dé kọ́rọ́ odò.

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, ó kọrí sí ọ́fíìsì Àǹtí Flossie, òṣìṣẹ́ àjọ tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́ ní agbègbè wọn.

"Àǹtí, irọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé wọn! Èmi fúnra mi ni mo sọ fún ọkùnrin yẹn."

"Kí lo sọ fún un?"

"Ó béèrè bóyá a mọ ihò béárì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Aapa ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn apẹja tó wà lẹ́yìn wa náà ní bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ẹnu lẹ fi sọ ọ́?"

Nasuk gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ará Nuvuksak, lọ́mọdé lágbà, ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni. "Báyìí ni."

Àǹtí Flossie bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. "Yéè, ẹ gbà mí! Ọkùnrin tó wá láti Texas! Ó ti ní ẹ̀ ń yẹ àjà wò ni! Ẹ gbé ìpéǹpéjú fún un, òun wá kọ pé kò sí!"

Inú kọ́kọ́ bí Nasuk. Nígbà tó yá, òun náà di tábìlì mú, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè dúró dáadáa.

"Ó tó," ni Flossie wí, ó nu ojú. "Gbọ́, àbúrò mi. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni á bá ni dákẹ́. Àlejò ò mọ èdè ojú wa. Ìwé tó kọ ni wọ́n máa tẹ̀ lé."

"Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ṣé wọn ò ní ti iṣẹ́ pa?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ambrose? Ambrose tó ń sá pamọ́ fún ìyàwó ẹ̀! Òfin ò ní kí wọ́n má wá epo. Ohun tí òfin wí ni pé kí wọ́n jìnnà sí ihò tí béárì ti ń tọ́mọ, ó kéré tán máìlì kan, títí ìyá á fi kó ọmọ jáde. Ṣebí omi ni wọ́n fi ń ṣe títì yẹn? Wọ́n lè dà á gba ibòmíràn. Epo àti béárì lè jọ wà lórí ilẹ̀ yìí, bí àwa tá a mọ ilẹ̀ bá tètè sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n ṣe báyìí?"

"Fi ìka hàn mí lórí máàpù. Sọ ọjọ́ tó o rí i àti ẹni tẹ́ ẹ jọ wà. Màá kọ ọ́, màá kà á sí ẹ létí, kó o tó fọwọ́ sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Aapa wá, òun náà fọwọ́ sí i. Lójú ẹsẹ̀, Flossie fi ìwé náà ránṣẹ́, ó sì pe Pruitt lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan fò gba orí odò kọjá pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń rí ooru. Nínú òkìtì yìnyín bèbè náà, ó rí ojú kan tó ń móoru, kò tóbi ju ẹnu abọ́ ìfọṣọ lọ.

Pruitt fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ ni."

Aapa yínmú sí i.

Ojú ti Pruitt. "Nasuk, ṣé wọ́n ṣì ń bínú?"

"Ó tì o! Rárá ni wọ́n sọ yẹn. Wọn ò bínú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi," ni Pruitt bẹ̀bẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ìlú ló pé lé e lórí, tí wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìpéǹpéjú, bí wọ́n ṣe ń yínmú. Ó ní iwájú orí ń dun òun.

Wọ́n yí títì náà gba ẹ̀yìn adágún omi. Ó fi máìlì mẹ́ta gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, omi tí wọn yóò dà sì pọ̀ sí i, nítorí náà àwọn awakọ̀ rí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá gbà lé e. Ambrose gbé awọ àbùùbùtán ńlá kan, oúnjẹ tí ará ìlú wọn fẹ́ràn jù, wá fún Nasuk.

"Ìyá mi àtàtà," ló wí, "ṣé o ò tún mọ ihò béárì mìíràn?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹta, oòrùn ràn dáadáa. Nasuk dúró lórí títì tuntun, ó gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, ó wo ọ̀hún-ún lọ́hùn-ún, níbi kọ́rọ́ odò. Imú dúdú kan yọ nínú yìnyín. Orí tẹ̀ lé e. Ìyá jáde, ó na ara rẹ̀.

"Ẹ dúró!" Nasuk ké sínú rédíò. "Gbogbo ọkọ̀, ẹ dúró!"

Táńkà méje dúró. Ọmọ kan jáde, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Èkejì fi àyà yọ̀ láti òkè bèbè dé ìsàlẹ̀, ó dìde, ó tún gun òkè padà lọ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ọmọ mélòó?" Ambrose ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí rédíò, àfi bíi pé àwọn béárì lè gbọ́ ọ.

"Méjì ni, Bùọ̀dá."

"Ṣé wọ́n sanra?"

"Wọ́n sanra!" Nasuk ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé nítorí ilẹ̀ yín tàbí omi yín, ẹ lọ, ẹ má kàn jẹ ọbẹ̀ bọ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ẹ la ẹnu, ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí i àti ọjọ́ tí ẹ rí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì kà á padà sí yín létí. Bí ẹ bá rí ipa ẹsẹ̀ béárì tó wọ inú yìnyín tí kò jáde, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ tètè pe àwọn tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ dákẹ́ nítorí iṣẹ́. Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ epo náà, ẹ jókòó ti àwọn àgbà ìlú kí ẹ tó fa ìlà lórí máàpù, bí ìdáhùn kò bá sì yé yín, ẹ tún béèrè.

Ọmọ béárì kò lè wá sípàdé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wọn nìkan ni wọ́n ní.