Báà Kẹrin

Sakisofóònù méjì ló ń dún nínú ohun tí fóònù mi gbà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo sì gbé e kọ́rùn.

Tísà ni mí ní Kabba níbí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń fọn sakisofóònù láàárín àwọn akọrin ìjọ wa, mi ò sì lè fọn ohunkóhun ju èyí tó wà lórí ìwé lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ìwé náà lọ, orin mi tán. Àwọn akọrin a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Tísà Tabitha, Ẹ̀mí kì í bà lé ìwé o!" Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo bẹ Olúwa pé kó fún mi ní ohùn tèmi kí ìkórè tó dé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Hezekiah ránṣẹ́ pè mí. Bàbá yìí ti bá ẹgbẹ́ olórin jáàsì ṣeré ní Kaduna kó tó di àgbà ìjọ. Mo ní àdúrà ti gbà.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń pàdé. Bàbá á jókòó ti kíbọ́ọ̀dù, èmi á dúró.

"Jáàsì kì í ṣe ariwo, Tísà. Ìkíni ni. Tí o bá fẹ́ kí èèyàn, ṣé o máa ń wo ìwé?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí lo máa ń sọ?"

"Okun o."

"Ó dáa. Fọn ọ́n."

Mo fọn ọ́n. Ó ní kí n kí ẹni tó ti oko dé, kí n kí ẹni tí òjò pa, kí n kí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀. Kó tó pé oṣù kan, mo ti ń fọn orin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Òfin kan ṣoṣo ló fún mi. Orin náà pín sí abala kéékèèké tí à ń pè ní báà, mẹ́rin mẹ́rin la sì ń kà wọ́n. Mẹ́ta jẹ́ tèmi. "Má fi nǹkan kan sí ìkẹrin. Dákẹ́ níbẹ̀."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìsinmi ni, bí Olúwa ṣe sinmi lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun kan ni mo kàn ṣàkíyèsí: tí a bá ti dé báà kẹrin, Bàbá náà á gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, á wá tẹ́ etí sí ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, bí ẹni tó ń retí àlejò.

Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọyẹ́ ti mú. Eruku wà lórí gbogbo àga. Mo tan fóònù mi sílẹ̀ kó máa gbà á, kí n lè gbọ́ ara mi nílé. Ní ìgbà kẹta tí mo dákẹ́, ẹnì kan fọn sakisofóònù láti yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Ohùn náà rẹlẹ̀, ó há, bí ti ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo mọ ohun tó sọ. *Okun o.*

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ní ilẹ̀ tiwa, ẹni tí a kí tí kò dáhùn, ilé wo ló ti jáde? Mo tún rántí ọmọ tí a pè ní òru nínú tẹ́ḿpìlì, tí wọ́n ní kó jẹ́ ìpè náà. Mo gbà pé Olúwa ló dé. Mo fọn ọ́n padà: *Okun.*

Ẹnu sakisofóònù náà tutù láàárín ètè mi bí omi inú àmù.

Bàbá kò pariwo. Ó mú fóònù mi, ó gbé e sétí, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ohùn Adétáyọ̀ nìyí."

"Ta ni Adétáyọ̀, Bàbá?"

"Ọmọ mi. Amuro ló wà, ó ń dáko. Ó ti lé lógún ọdún, tó bá fẹnu sí sakisofóònù, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Nǹkan kan kí i ní báà kẹrin, ó sì dáhùn."

"Ẹ sì mọ̀!"

"Mo ní kí o dákẹ́ níbẹ̀."

"Ẹ ò sọ ìdí fún mi."

"Tísà," ó rọra wí, "ká ní mo sọ ìdí ni, ṣé wàá dáhùn?"

Fóònù tirẹ̀ dún. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń sunkún láti Amuro: "Bàbá, ó dún! Ẹ gbọ́, ó dún!" Ó sì fọn ọ́n fún bàbá rẹ̀. Ó dùn. Mi ò lè parọ́, ó dùn gan-an.

Mo fẹnu sí tèmi. Báà kìíní, afẹ́fẹ́. Ìkejì, afẹ́fẹ́. Ìkẹta. Mo yọ ẹnu kúrò. Ní ìkẹrin, ó dún fúnra rẹ̀ lọ́rùn mi. Ohùn tèmi ni, èyí tí mo fi ààwẹ̀ gbà. Ó kí wa. Bàbá dorí kodò, kò dáhùn.

Pásítọ̀ ti gbàdúrà sí sakisofóònù náà, ó ti ta òróró sí i. Mo ṣì gbàgbọ́. Ìkórè ti kọjá, àárín àwọn ìyá ni mo jókòó sí, kì í ṣe àárín akọrin.

Lánàá, Lucy wá bá mi ní àkókò ìsinmi. Ọmọ ìlú Iyah-Gbede ni, ilé ìwé wa ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá láti máa kọ́ni. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ gbọ́ jáàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Wọ́n kọ́ ọmọ yìí nílé. Láti ìgbà tó ti dé, mi ò tíì rí ẹni tó kí i tí kò dá lóhùn.

Mo ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbàdúrà, kí n lè sọ ìdí fún un.