Ilẹ̀kùn Ẹ̀gbẹ́ Ilé Epo

Wọ́n gba ìyá Corinne lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé epo kan ní Pennsylvania, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn ń ràn, ojú èèyàn pé. Ẹni tó ni ilé epo náà ní òun ò ní àlàyé kankan láti ṣe.

New Jersey ni tìyá-tọmọ ti wá. Lọ́dọ̀ tiwọn, òfin ò gbà kí onímọ́tò bu epo fúnra rẹ̀. Inú ọkọ̀ lèèyàn ń jókòó sí, òṣìṣẹ́ á wá bá a. Corinne ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, kò di ọ̀pá epo mú rí láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá odò tó pààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì, epo ń tán lọ, ó yà sí ilé epo náà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó yọjú. Àwọn oníbàárà ń bu epo fúnra wọn bí ẹni ń pọn omi.

"Màmá, ó jọ pé fúnra wa la máa bu ú níbí."

"Kí ló ṣe ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn? Jókòó jẹ́ẹ́ jàre, wọ́n ń bọ̀." Thelma ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ẹnu rẹ̀ ṣì mú. "Ojú ọ̀nà yìí gan-an ni Emmett, òṣìṣẹ́ ilé epo, ti máa ń nu gíláàsì ọkọ̀ mi, kí n tó mọ bàbá rẹ rárá. Á nù ún títí tí màá fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ká ní ó la ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn ni, òun ni ǹ bá fẹ́."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Agogo dún lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, irú agogo tí ilé epo àtijọ́ máa ń ní, tó ń dún bí táyà bá tẹ rọ́bà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn ò mira, kò sì sí rọ́bà kankan nílẹ̀.

Ọkùnrin kan ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Thelma. Fìlà funfun, táì kékeré dúdú, àkísà lọ́wọ́. Kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Kò wo Corinne rárá. Ọ̀dọ̀ Thelma nìkan ló ń nù nínú gíláàsì iwájú. Omi ń kán lára àkísà, ojú gíláàsì gbẹ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yẹ ọ́ìlì wò, ó pa á dé, kò dún. Corinne fa ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò ṣí.

"Thelma, o mà pẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́.

Ìyá rẹ́rìn-ín bí ọmọge. "Ṣebí ìwọ lò ò sọ̀rọ̀. Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀, kí n lọ tún ojú mi ṣe."

Ó nà án sí i, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n so mọ́ pákó gbọọrọ kí oníbàárà má bàa gbé e lọ. Thelma sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga. Ẹni tí kì í dá rìn láti ọdún mẹ́fà, ìdí rẹ̀ ń mì lọ mì bọ̀ bó ṣe ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fi gbà fún Corinne láti ṣí, ọkùnrin náà ò sí mọ́. Ó sáré dé ẹ̀gbẹ́ ilé. Ògiri bíríkì ló bá. Kò sí ilẹ̀kùn.

"Ilé ìtọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé?" Dwight, tó ń tajà nínú ilé epo náà, dáwọ́ ṣingọ́ọ̀mù tó ń jẹ dúró. "Wọ́n ti mọ bíríkì dí i kí wọ́n tó bí mi, mà. Kò sì sẹ́ni tó ń bu epo fún èèyàn níbí."

Wọ́n wo kámẹ́rà. Thelma nìkan ló ń rìn níbẹ̀, ó na ọwọ́ kan síwájú bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ. Ó dé ògiri. Lẹ́yìn náà, ògiri nìkan ló kù.

Ọlọ́pàá kó ajá wọ igbó fún ọjọ́ mẹ́ta. "Àwọn àgbà máa ń ṣìnà, mà," ni ọ̀kan nínú wọn wí fún Corinne.

"Ojú ògiri lẹ rò pé èèyàn ti ń ṣìnà?"

Corinne bẹ ẹni tó ni ilé epo náà lórí fóònù pé kó wó ògiri náà. Onítọ̀hún ní ògiri yẹn ló gbé òrùlé dúró. Ẹ gbọ́, ògiri ni wọ́n ń ṣàánú!

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ní ọ̀sán gangan, Corinne lẹ etí mọ́ bíríkì náà. Ó tutù bí yìnyín. Omi ń dà nínú lọ́hùn-ún. Ó kan ògiri.

"Ẹ ní sùúrù, èèyàn wà níbí!"

Ohùn ọmọge ni, ohùn ìyá rẹ̀ sì ni.

"Màmá, èmi ni. Corinne ni."

Omi dákẹ́.

"Corinne wo?"

"Corinne ọmọ yín!"

"Ọmọ kẹ̀? Ọmọge ni mí o, mi ò tíì lọ́kọ." Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ nínú lọ́hùn-ún. "Emmett, ta ló ń pariwo níta yẹn?"

Corinne fi ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì gbá ògiri. Ó gbá a, ó tún gbá a. Ìgbà tó yá ló kíyè sí i pé ẹ̀ṣẹ́ òun ò dún mọ́. Kò sì dùn ún. Bí Màmá ò bá lọ́kọ rí, ta ló wá bí òun?

Dwight yọ pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí lọ́wọ́. Corinne sáré dí i lọ́nà. Ọmọkùnrin náà ń wo ògiri tààrà, bí ẹni tí kò sí nǹkan kan láàárín òun àti ògiri.

"Dwight! O mọ̀ mí, àbí o ò mọ̀ mí? Ṣé ò ń rí mi? Lanu, kó o dá mi lóhùn!"