Óòtì Kì Í Ṣe Ọtí

"Bàbá, óòtì ló kù. Mi ò lè ṣe é láìsí óòtì."

Jàbárù dá ọwọ́ dúró. Iyanrìn ló ń fọ̀ nínú bàsíà lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní àdúgbò Mpape, ní Àbújá. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí.

"Ọtí kẹ̀? Aúsùbílàhì! Hanifah, nínú ilé ta ni wọ́n ti ń mu ọtí?"

"Kì í ṣe ọtí, Bàbá. Óòtì! Èyí tí ẹ máa ń rò mu ní sààrì."

"Háà! Kúékà!" Jàbárù bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí o ò pè é ní Kúékà? Ahọ́n Àbújá yìí á sọ mí di ọ̀mùtí láìtọ́ ọ wò."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà tí ìyá Hanifah ti kú, àwọn méjèèjì náà ló kù nínú ilé.

Hanifah mọ̀wé. Ìdánwò ló fi wọ ilé ìwé aládàáni kan ní Utako, kò san kọ́bọ̀. Olùkọ́ ìmọ̀ oúnjẹ, Ìyáàfin Thomas, ní kí olúkúlùkù se ìpápánu aládùn kan wá láti ilé ní ọjọ́ Jímọ̀. Hanifah pinnu láti se èso ápù tí wọ́n fi óòtì bò lórí, tí wọ́n wá yan títí òkè rẹ̀ fi gan.

Wọn kò ní ààrò onígáàsì. Bàbá rẹ̀ ló rí ọgbọ́n ta sí i. Ìkòkò irin ńlá ni yóò gbé ka iná èédú, yóò da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò gbé àwo lé orí òkúta mẹ́ta nínú rẹ̀, yóò sì kó ẹ̀yinná sórí ìdérí. Ibi tí ó ti ń fọ́ òkúta lórí òkè ló ti bu iyanrìn náà wá. Ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́ kedere.

"Kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan tí yóò ró lẹ́nu olùkọ́ rẹ," ó ní.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọbìnrin kíláàsì náà jókòó sábẹ́ igi lákòókò ìsinmi. Oyíndà, tí ó ń ti àdúgbò Lokogoma wá, ń sọ ohun tí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn fi iyọ̀ ṣe nígbà tó rò pé ṣúgà ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Hanifah kì í sábà rí nǹkan sọ láàárín wọn. Lọ́jọ́ náà, ó rí i.

"Ìyẹn kéré," ó ní. "Mo ní mo fẹ́ óòtì. Ó ní ọtí ni mò ń mu!"

"Ta ni?"

Hanifah wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́gádì wa."

"Kai!" Oyíndà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lulẹ̀. "Mẹ́gádì yín á pa èèyàn lẹ́rìn-ín!"

Ẹ̀rín náà dùn mọ́ Hanifah. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó gé ápù wẹ́wẹ́, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ó má baà dúdú. Ó fi bọ́tà àti ṣúgà po óòtì, ó tẹ́ ẹ lé e lórí. Wọ́n gbé e sínú ìkòkò. Àkókò ilé ìwé tó, òkè rẹ̀ kò tíì gan.

"Máa lọ," ni Jàbárù wí. "Má jẹ́ kí wọ́n tì ọ́ síta. Bó bá ti pọ́n, mo máa gbé e wá."

Kíláàsì ti kún nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Jàbárù ni. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀: ó ti lọ fọ́ òkúta díẹ̀ kí oúnjẹ náà tó gan. Ìyẹ̀fun òkúta funfun lójú rẹ̀ títí dé bàtà. Ó gbé àwo náà mọ́ àyà, ó fi aṣọ mímọ́ wé e. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Oyíndà ló kọ́kọ́ fò dìde.

"Hanifah, mẹ́gádì yín nìyí? Ẹni tó ní óòtì ni ọtí?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Jàbárù wo Oyíndà. Ó wá wo ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí Hanifah sọ. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á.

"Òun ni," ó ní.

Kò tilẹ̀ ní "àwọn ni".

Ẹ̀rín kúrò lójú Jàbárù díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ orí ba. Ó wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà síwájú ọmọ tí ó bí.

"Ẹ gbà, àǹtí," ó ní. "Ẹ rọra o. Ó ṣì gbóná."

Ó yíjú padà, ó lọ. Ipasẹ̀ rẹ̀ funfun lórí ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyáàfin Thomas tọ́ oúnjẹ náà wò, ó di ojú. "Èyí dára jù lọ. Ààrò wo lo fi yan án?"

"Ààrò onígáàsì, mà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Hanifah bu tirẹ̀ sẹ́nu. Bí iyanrìn ló rí lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹyọ iyanrìn kan nínú rẹ̀.

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn bàtà. Hanifah kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sì bínú. Ìyẹn gan-an ló gún ọmọ náà lọ́kàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Iṣẹ́ tí ẹ fún mi ni mò ń ṣe."

Hanifah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Jàbárù jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ó ní níkẹyìn. "Ojú àwùjọ lẹ ti gbé iṣẹ́ yẹn fún mi. Kì í ṣe kọ̀rọ̀ lẹ ó ti gbà á padà."

Ní ọjọ́ Ajé, Hanifah jáde síwájú kíláàsì.

"Ẹni tó gbé àwo wá lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá mi ni wọ́n. Òkúta ni wọ́n ń fọ́. A ò ní ààrò onígáàsì. Iyanrìn inú ìkòkò la fi yan án, àwọn ló sì fọ iyanrìn náà. Mo purọ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyáàfin Thomas gé lára máàkì rẹ̀. Oyíndà kò rẹ́rìn-ín.

"O jẹ́ kí n fi bàbá ẹ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú wọn," ó ní. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hanifah.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Hanifah ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Jàbárù dìde. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó ká ẹní rẹ̀.

"Hanifah."

"Bàbá."

"Ápù kù nílẹ̀. Lọ dáná."

"Lọ" ló wí. Kò ní "ẹ lọ". Hanifah sáré, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìtìjú kò sí nínú eruku tó wà lára òbí ẹni. Ẹnu ọmọ tó sẹ́ òbí rẹ̀ ló wà. Ẹnu tó sì sọ "òun ni" ní gbangba, gbangba náà ni yóò ti padà sọ "àwọn ni".