Òróró Tí Dókítà Kankan Ò Rí Rí

"Ìyá àgbà, ẹ má sọ fún mi pé òróró yẹn lẹ fi pa orúnkún!"

Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ ọmọ mi ti rí ìgò òróró lọ́wọ́ mi tó fi pariwo, báàgì ilé ìwé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ń jó kiri pálọ̀ ní tèmi, ìdí ńlá mi ń gbá àga ṣubú.

"Mo fi pa á o! Gẹ̀ẹ́sì ara ìgò yẹn dùn. Wọ́n ní àwọn dókítà fọkàn tán an, wọ́n ní kí n sọ fún oògùn pé ó dìgbóṣe, wọ́n ní òní nìkan ló kù. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Ìyá àgbà, èmi ni mo kọ ọ́."

Àṣé onídìrí àdúgbò wa, tó ń ta òróró náà, ló bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun kọ ìpolówó, kí òun máa dirun fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

"Mo kọ́kọ́ kọ 'òróró ìpara', ẹnikẹ́ni ò yà. Ìgbà tí mo kọ 'dókítà' àti 'òní nìkan', ẹsẹ̀ ò gbèrò. Ẹ̀rù á máa bà wọ́n pé nǹkan fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní ráyè ronú."

"Dókítà wo lo bi?"

"Kò sí dókítà kankan."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Èmi tí mo fi ogójì ọdún taṣọ, tí mo ń búra pé ẹyọ kan ló kù, tí méjìlá wà lábẹ́ káńtà! Àfi bí òòyì ṣe dédé ń kọ́ mi. Ẹ̀rín dá.

Ọmọ náà fà mí lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru dì mí lápá. Ọmọ náà di etí aṣọ mi mú, kò mí.

"Ó ga, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ tètè dé. Ẹ padà sídìí oògùn yín lónìí."

"Ṣé òní nìkan ni?"

"Ojoojúmọ́ ni o!"

Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ká tó délé, a yà sọ́dọ̀ onídìrí, ọmọ náà kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun yí ìpolówó náà padà, ó ya gbogbo bébà ara ìgò yẹn, ó kọ òmíràn: "Ó ń mú orúnkún móoru. Ẹ má fi rọ́pò oògùn ilé ìwòsàn."

Onídìrí yínmú. "Ta ló máa wá rà á?"

"Èmi," ni mo dá a lóhùn. "Ó kúkú ń móoru."

Irun ọ̀fẹ́ bá ibẹ̀ lọ. Èmi ni mo dì í fún un. Ó wọ́ bí ọ̀nà eku, ó sì fi í lọ ilé ìwé tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tó bá ń lé yín sáré, ẹ dúró, ẹ bi í pé ta ló rí i. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ mú kálàmù dání, ẹ rántí pé ìyá yín náà mọ̀wé kà.