Apẹ̀rẹ̀ Ìgbẹ́ Adìyẹ Mẹ́ta

Ní ọdún 1992, apẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ adìyẹ mẹ́ta ni Mojí Olúgbádé fi ba iṣẹ́ ọdún mẹ́rin jẹ́ mọ́ Dókítà Veronica Láńrewájú lọ́wọ́.

Mojí kì í ṣe ọmọ burúkú. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó mọ̀wé, ó sì lágbára iṣẹ́. Ó kàn kórìíra kí wọ́n máa fi òun rẹ́rìn-ín ni.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Dókítà kó igi àmì dé sí oko bàbá Mojí ní Ute, inú gbogbo ènìyàn ń dùn. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Dókítà, yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó pín ilẹ̀ náà sí méjì, ọgbọ̀n ebè níhìn-ín, ọgbọ̀n ebè lọ́hùn-ún. Ó so aṣọ pupa mọ́ igi apá kan, ó so funfun mọ́ ti ìkejì. Wọ́n fi ìyẹ̀fun dúdú kan pa iṣu apá pupa lára kí wọ́n tó gbìn ín. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ṣe ìyẹ̀fun náà, láti pa àwọn aràn tíntìntín inú ilẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iṣu ta. Wọn kò fi nǹkan kan pa ti apá funfun.

Dókítà wá sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, gírámà sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń mi orí bí alángbá. Kò sí ẹni tó béèrè ìtumọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yé Mojí ni èyí tó sọ kẹ́yìn: "Ẹ má fi ohunkóhun kún oko funfun. Àní, ohunkóhun."

Ó yan ọmọbìnrin méjì tí yóò máa ro oko náà, tí wọn yóò máa ka ewé, tí wọn yóò sì máa kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ní gbogbo Sátidé. Adéfúnkẹ́, ọmọ kíláàsì Mojí, gba pupa. Mojí gba funfun.

"Ní oṣù kọkànlá, àjọ tó ń fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lówó ìwádìí ń bọ̀ láti Èkó," ni Dókítà sọ fún wọn. "Ojú wọn la ó ti wọn iṣu. Bí ó bá rí bí mo ṣe rò ó, wọ́n á fún wa lówó ọdún mẹ́ta sí i, màá sì ṣe ìyẹ̀fun yìí fún gbogbo àgbẹ̀ Ute. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa dúró ti iṣu yín. Wọ́n á bọ̀ yín lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ náà, Mojí kò rìn lọ sóko mọ́. Eré ló ń sá lọ.

Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, ewé apá pupa ti bo igi. Ti apá funfun rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń pọ́n.

"Mojí, kú ìtọ́jú aláìsàn o!" Adéfúnkẹ́ kígbe láti apá tirẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

"Ọ̀rẹ́ mi, tí àwọn ará Èkó bá dé, ẹ̀yìn mi ni kí o sá sí. Kí wọ́n má baà rò pé ìwọ lo febi pa iṣu."

Àwọn ọmọ tó ń lọ sódò rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, "Ìyá Aláìsàn" ti di orúkọ Mojí nílé ẹ̀kọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Adéfúnkẹ́ bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Ifọ̀n. Mojí wọ ilé adìyẹ ìyá tirẹ̀, ó kó ìgbẹ́ gbígbẹ kún apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wú ẹsẹ̀ ebè kọ̀ọ̀kan, ó da ìgbẹ́ sí i, ó fi erùpẹ̀ bò ó. Ó rántí ohun tí Dókítà sọ. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé Dókítà gan-an ni òun ń ràn lọ́wọ́. Ta ni kì í fẹ́ kí gbogbo oko rẹ̀ dára lójú àlejò?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé apá funfun dúdú mìnìjọ̀. Dókítà dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ewé náà.

"Mojí, èyí yára yí padà o. Ṣé ẹnikẹ́ni fi nǹkan sí i?"

"Rárá mà. Òjò ni, Àǹtí Dókítà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú mà."

Dókítà gbà á gbọ́. Ó kọ "òjò" sínú ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ tí àlejò dé, Ute gbóná. Àwọn obìnrin ti gbá ojú ọ̀nà oko láti àárọ̀. Àwọn ọmọdé wà lórí igi máńgòrò, wọ́n ń kígbe pé, "Wọ́n ti ń bọ̀! Jíìpù méjì ni!" Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose, àgbà ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun, ni olórí àwọn àlejò. Òun fúnra rẹ̀ ló so òṣùwọ̀n mọ́ ẹ̀ka igi.

Wọ́n wa iṣu apá pupa. "Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta!" Àtẹ́wọ́ sọ. Adéfúnkẹ́ kúnlẹ̀ kí àwọn àlejò bí ìyàwó tuntun.

Ó kan funfun. Olúgbádé, bàbá Mojí, ti ọkọ́ bọ ebè, ó fa iṣu àkọ́kọ́ yọ, ó pariwo. "Ẹ gbà mí! Ẹ wo iṣu bí orí màlúù!"

"Kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́rin!"

Ariwo ta. "Aláìsàn ti dìde o!" ni ẹnì kan kígbe, gbogbo oko sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Mojí gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká, ó ń jó. "Bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fọwọ́ bò ó jẹ ni, àmọ́ tèmi yìí, kí gbogbo ayé wò ó!"

Láti orí èjìká bàbá rẹ̀, Mojí rí Dókítà. Kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó sórí agbọ̀n tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, bíró rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀.

"Dókítà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose wí, "oko tí ẹ ò fi nǹkan kan sí ló ta jù. A jẹ́ pé ìyẹ̀fun yín kò ṣiṣẹ́."

"Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀, sà. Fún ọdún mẹ́ta tí mo fi gbìn ín ní yunifásítì, kò rí báyìí rí."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Mojí. Ó yẹ kí iṣu òun kéré. Kíkéré rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí tí Dókítà nílò.

"Bàbá, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀."

"Kí ló dé? Jẹ́ kí wọ́n rí ọ!"

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!"

Ó rìn lọ bá àwọn àlejò, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyẹ̀fun Dókítà dára. Èmi ni mo fi ìgbẹ́ adìyẹ sí oko funfun. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lanu: "Ìgbẹ́ adìyẹ mi! Mo mọ̀ pé ó dín!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose ṣí fìlà rẹ̀. "O ṣeun tí o sọ òtítọ́, ọmọ mi. Ká ní o sọ ọ́ nígbà tí iṣu ṣì wà nílẹ̀, Dókítà ì bá kọ̀wé sí wa, à bá sún ọjọ́ síwájú kó tún òmíràn gbìn. Ní báyìí, oṣù tó ń bọ̀ la ó pín owó náà tán, ọwọ́ òfo ni mo sì máa gbé lọ sí Èkó."

Dókítà fa Mojí dìde. "Mo sọ gírámà fún yín lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ léèrè, Mojí. Mo bi ọ́ léèrè."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ tí kò yé yín, ẹ béèrè, bí wọ́n tilẹ̀ máa pè yín ní òpè. Bí wọ́n bá sì bi yín ní ohun tí ẹ ṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ tó pẹ́ kó tó dé kò sọ ohun tó ti bàjẹ́ di rere.

Wọ́n fún ẹlòmíràn lówó náà. Dókítà hú igi àmì rẹ̀, ó sì lọ. Kò rí owó ṣe ìyẹ̀fun náà mọ́. Ní ọdún 1994, aràn mú oko Ute. Nínú igba ebè tí Olúgbádé kọ, iṣu tó ṣeé jẹ kò kún apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Ọkùnrin tí kò ra iṣu rí láyé rẹ̀ mú àpò, ó lọ ra iṣu ní ọjà Ifọ̀n. Mojí ló rù ú wálé.