Àjànàkú Purọ́, Ẹ̀dọ̀ Rẹ̀ Jẹ́wọ́

"Kò tíì sí ẹni tó wọ inú mi rí kó wá ròyìn ohun tó bá níbẹ̀."

Àjànàkú ló sọ bẹ́ẹ̀, níwájú ààrò rẹ̀, tó ń fi búrẹ́dì gbígbóná nu bọ́tà lára abọ́. Oníbúrẹ́dì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí bó bá ń wọlé, ẹnu ọ̀nà a máa bẹ̀bẹ̀.

Má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ń kú lọ. Ọkàn rẹ̀ ń fi agbára káká ṣiṣẹ́ bíi kẹ̀kẹ́ tó ru sìmẹ́ńtì. Orí àga ló ń sùn, torí bó bá dùbúlẹ̀, èémí á sé. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ẹkún wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń fi iṣẹ́ abẹ dín ikùn kù.

Obìnrin tínńrín ni dókítà náà, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀dọ̀ yín ti sanra, ó bo ibi tí mo fẹ́ gé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ohun mímu tí a bá fún yín nìkan ni kí ẹ mu, kó lè rù. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ má dà mí láàmú."

"Màá ṣe é, dókítà."

Ó dé ìta, ó yọ ṣùtì. "Ọmọdé tó rí bí ọwọ̀ yìí ló ń pàṣẹ fún mi? Ọ̀bẹ ló níṣẹ́, kì í ṣe ẹnu mi."

Káfíńtà kan wà ní kíláàsì tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ gé ikùn. Wọ́n ti gé tirẹ̀. Bẹ́líìtì nìkan ló kù tó ń bá ṣòkòtò rẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Onígbàgbọ́ ni. Ó rí èérún búrẹ́dì nínú irùngbọ̀n Àjànàkú.

"Ọ̀gá, irùngbọ̀n yín ń jẹun."

"Gbájú mọ́ pákó rẹ."

"Ẹ lè tan dókítà. Ẹni tó dá inú fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́wọ́ fún Jésù."

"Bó bá jẹ́ ebi ló sọ ọ́ di wòlíì, lọ jẹun."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àjànàkú délé, ó fi odidi búrẹ́dì kan yọ ayọ̀ ìṣẹ́gun, ó ní ọ̀la lòun á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ohun mímu.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Nọ́ọ̀sì bi í léèrè ohun tó ń jẹ láti ọjọ́ yìí. "Ohun mímu yín náà ni," ló fi ohùn ajẹ́rìíkú dáhùn. Wọ́n fún un lóògùn oorun, wọ́n lu ihò kéékèèké sí i níkùn, wọ́n ti kámẹ́rà bọ inú rẹ̀. Inú tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí bá hàn gbangba lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ó jí, ó fọwọ́ pa ikùn. "Ṣé mo ti rù?"

"Mo ṣí yín, mo tún pa yín dé," ni dókítà wí. "Mi ò gé nǹkan kan. Bí mo bá gbé ẹ̀dọ̀ yẹn, yóò ya, ẹ ó sì kú sí mi lọ́wọ́. Ẹnu yín ní ohun mímu ni, ẹ̀dọ̀ yín ní búrẹ́dì ni. Ẹ̀dọ̀ ni mo gbà gbọ́." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. "Bàbá àwọn ọmọ, ta lẹ wá ń da ohun mímu tí mo ń pò fún?"

Àjànàkú kọjú sógiri. Ajá ilé wọn ló ń dà á fún. Ajá náà sì ti ń sanra.

Nígbà tí káfíńtà wá kí i, kò fi í ṣẹ̀sín. Àjànàkú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bí dókítà yẹn bá rí gbogbo èyí láti ojú ihò kékeré, kí ni Ọlọ́run ti rí?"

"Gbogbo ẹ̀. Àmọ́ òun kò ní pa yín dé kó máa lọ."

Ibẹ̀ ni Àjànàkú ti wó. Ó ka irọ́ rẹ̀, ó ka ìgbéraga rẹ̀, ó ka búrẹ́dì tó ń fi afẹ́fẹ́ wú tà fún àwọn òtòṣì. Ó gba Jésù ní Olúwa lórí ibùsùn ọsibítù.

Ìwọ tó ń fi í rẹ́rìn-ín ńkọ́? Mo mọ̀, búrẹ́dì kọ́ ni tìrẹ. Bóyá ìgò ni, bóyá aya aládùúgbò, bóyá ahọ́n rẹ tó mú ju abẹ lọ. O ti nu ẹnu, o wọṣọ funfun, o jókòó síwájú nílé ìjọsìn. A ó ṣí ìwọ náà lọ́jọ́ kan, kò sì ní sí oògùn oorun. Ronú pìwà dà lónìí. Má sọ pé ó di ọ̀la. Àjànàkú náà ní ọ̀la lòun á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ohun mímu.

Ní tirẹ̀, ó padà lọ bá dókítà, ó jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀ tomijé-tomijé, ó ní òun ti di ẹ̀dá titun. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún. Káfíńtà ń ṣe Àmín.

Dókítà dúró kí wọ́n parí.

"Ó dáa. Ẹ gun orí ìwọ̀n."